Ẹni Tó Ń Bá Memunat Tọ́ Yọ́gọ́ọ̀tì Wò

Ojú wọn kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin ní ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kú. Oṣù keje ọdún 2011 ni, ní Alakahia, lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì nílẹ̀ Ikwerre. Ṣọ́ọ̀bù kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ara wọn bí ẹni tó ń du ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn fẹ́ rí ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń wé yọ́gọ́ọ̀tì dídì sórí kóònù bí ìgbà tí obìnrin ń wé gèlè. Àfi gbì, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Èyí tó ti ń jáde bọ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, kò bọ́ sílẹ̀, kò sì padà sínú. Ariwo sọ. Memunat, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, dúró pẹ̀lú kóònù lọ́wọ́. Omijé ti dé etí ojú rẹ̀ nígbà tó gbójú sókè láti wá ẹni tí yóò gbà á. Láàárín gbogbo ojú tó ń wò ó, ẹyọ kan ṣoṣo ni kò bínú sí i. Ojú ọkùnrin gíga kan ni, òjò ti lẹ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọkùnrin náà wò ó, òun náà wo ọkùnrin náà. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ fún ara wa: àyà Memunat já, kì í sì í ṣe nítorí jẹnẹrétọ̀ mọ́.

"Níbo ni jẹnẹ́ yẹn wà?" ọkùnrin náà bi í ní Yorùbá, níbi tí gbogbo èrò ti ń fi Pidgin bú u.

"Ó wà lẹ́yìn. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Yorùbá ni mí?"

"Nígbà tó kú, o ní 'mo gbé'. Ará Ikwerre kì í gbé lédè yẹn."

Ó kọjá sẹ́yìn, ó tú ohun kan, ó nù ún, ó fẹ́ ẹ, ó dè é padà. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Akínfẹ́nwá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Oǹdó ni, ó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló sì ń kọ́. Nígbà tí Asiata, ìyá Memunat, fún un ní kóònù ọ̀fẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tutù. Asiata wò ó títí, ó ní, "Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ nítorí kóònù, bí wọ́n bá fún un ní màlúù, ṣé kò ní yí gbirigbiri nílẹ̀ ni?"

Ẹ ò lè mọ ohun tó ba Memunat lẹ́rù lọ́jọ́ yẹn bí ẹ kò bá mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1999 ni Asiata, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń ta yọ́gọ́ọ̀tì dídì lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Nígbà náà, inú ọ̀rá ni wọ́n ń dè é sí. Wọ́n á tò ó sínú kúlà, wọ́n á fọ́ yìnyín lé e, wọ́n á da iyọ̀ sórí yìnyín kí òtútù rẹ̀ lè pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á géyín jẹ igun ọ̀rá, á máa fà á mu lọ sí kíláàsì. Ó tà á títí ọ̀rá fi di ohun ìtìjú; wọ́n ní ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń fa ọ̀rá. Asiata ta ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó fi ra ẹ̀rọ àlòkù. Bí ẹ̀rọ yẹn bá kú, ilé wọn kú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, oṣù ààwẹ̀ wọlé.

Ẹnu ni òṣùwọ̀n nínú iṣẹ́ yọ́gọ́ọ̀tì. Mílíìkì lè kan ju bó ṣe yẹ lọ, ṣúgà lè dín, ó lè pọ̀ jù. Ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kó tó dà á sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n Asiata kò gbà kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ fi ohunkóhun kan ahọ́n. Ààfáà ti sọ fún un pé bí ó bá tọ́ ọ wò tó tu ú dànù, kò sí ohun tó ṣe ààwẹ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Láti ahọ́n dé ọ̀fun, ta ló ń ṣọ́ ẹnubodè?" Ó ní kí Memunat lọ wá ẹnìkan tí kò gbààwẹ̀, tó sì mọ adùn yàtọ̀ sí ìkorò.

Ta ni Memunat ìbá tún wá?

Láràárọ̀, ní agogo méje, Akínfẹ́nwá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ńlá, á bu ṣíbí kan, á dijú. Ìyá àti ọmọ á máa wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

"Ó kan díẹ̀, mà. Ṣúgà ife kan péré, á dọ́gba."

"Ahọ́n ti sọ̀rọ̀," Asiata á wí, á sì bu ṣúgà. Ahọ́n ni ó sọ ọ́. Bí ó bá sì tún fẹ́ bu ṣíbí kejì, á fọwọ́ gbá a. "Ìwọ Ahọ́n, ṣé wọn kì í dáná níbi tí ò ń gbé ni? Títọ́ wò ni mo ní, n kò ní kí o jẹun àárọ̀."

"Màmá, adùn kì í fi gbogbo ara hàn lẹ́ẹ̀kan."

"Ìwọ náà kì í fi gbogbo ara hàn lẹ́ẹ̀kan," Asiata dáhùn, ó sì yí ojú rẹ̀ sí Memunat, tó ti ń fọ ike tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bí ó ṣe di àṣà nìyẹn. Akínfẹ́nwá parí ẹ̀kọ́, ó rí iṣẹ́ ní ilé ìfọpo ní Alesa, ó kó lọ sọ́hùn-ún. Síbẹ̀, bí oṣù ààwẹ̀ bá ti dé, yóò la gbogbo ìlú kọjá, lórí títì East-West tí kòtò inú rẹ̀ lè gbé odidi kẹ̀kẹ́ mì, kí ó lè tọ́ ṣíbí yọ́gọ́ọ̀tì kan wò ní agogo méje. Ọgbọ̀n àárọ̀ lọ́dún. Oṣù mọ́kànlá tó kù, Memunat kàn ń gbé ayé ni. Ó máa ń lá àlá pé Akínfẹ́nwá ń sọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, ilẹ̀ á mọ́. "Bọ̀dá Akin" di "Akin," "ẹ" di "o," àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọkàn kò gòkè. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkùnrin, ọmọ mọ́ṣáláṣí ni obìnrin. Asiata ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, níbi tó ti ń ṣa èèpo kúrò nínú ẹ̀pà: "Ọmọ dáadáa ni. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ Sunday kò sí nínú ọ̀sẹ̀ ni, ǹ bá ti sọ nǹkan."

Ìlú kò dúró dè wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 2015, ṣọ́ọ̀bù kan ṣí ní GRA, àdúgbò àwọn olówó, tó jẹ́ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ, á rọ iye tó bá wù ú sínú ife, á wọ́n bísíkíìtì, ẹ̀pà àti máńgòrò lé e, wọ́n á sì gbé e sórí ìwọ̀n. Kóònù di ti àtijọ́ lọ́sàn-án kan òru kan. Memunat kun ògiri ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ra ìwọ̀n, ó to abọ́ ẹ̀pà sílẹ̀, èrò tún dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Alakahia kò sì gọ̀. Wọ́n á máa ní àwọn ń tọ́ ọ wò, wọ́n á tọ́ ọ wò títí wọ́n á fi yó, wọ́n á wá gbé ife tó fúyẹ́ sórí ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni kòrónà dé. Ta ló tún fẹ́ fọwọ́ kan ọwọ́ ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ti dì mú? Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú padà, àwọn ọmọbìnrin ti ń ṣe pàfé nínú yàrá wọn, yọ́gọ́ọ̀tì líle, àgbàdo díndín àti èso tí wọ́n tò ní ìpele ìpele nínú ife rọ́bà. Orí fóònù ni wọ́n ń tà á. Wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kò ní ògiri tí wọ́n ń kùn. Ẹsẹ̀ ti ń dun Asiata nígbà náà, ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Memunat nìkan ló kù pẹ̀lú ẹ̀rọ mẹ́ta tí ń kùn lásán fún yàrá òfìfo.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé òun náà ń to yọ́gọ́ọ̀tì dídì sínú ife, tó ń gbé e lọ fún ẹni tó bá pè. Ó tún gbé kúlà àtijọ́ jáde, ó tún ra àpò iyọ̀ tí yóò máa da sórí yìnyín, ó gbé e ti àpò ṣúgà.

Ní ààwẹ̀ ọdún 2021, Akínfẹ́nwá dé ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Ó ti rù. Memunat ní iṣẹ́ ni. Ó bu ṣíbí kan, ó dijú bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ó dára."

"Ṣé kò kan?"

"Ó dára, Memu."

Lọ́jọ́ kejì, ó dára. Lọ́jọ́ kẹta, ó dára. Ọkùnrin tó máa ń jiyàn lórí ṣúgà ṣíbí kan wá ń fi ọ̀rọ̀ kan náà dáhùn lójoojúmọ́, Memunat sì rò pé ọwọ́ òun ló ti mọ iṣẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn. Ìfẹ́ a máa fọ́ni lójú, a sì máa dini létí pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Akínfẹ́nwá fọ ṣíbí rẹ̀, kò gbé e sílẹ̀. Ó ń yí i po láàárín ìka.

"Bí ẹ bá ti ṣe ìtúnu tán, mo fẹ́ lọ kí Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Memunat gbé ike tó ń fọ̀ sílẹ̀. "Láti Alesa dé Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ìkíni? O lè fi fóònù kí wọn."

"Irú ìkíni tí mo fẹ́ kí wọn, ojúkojú ni wọ́n ń kí i."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó lọ. Memunat kò sì mọ bí oòrùn ọjọ́ náà ṣe wọ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá ni àjálù dé. Ilé-ìwé kan ní Eliozu fẹ́ ṣe ayẹyẹ àwọn ọmọ wọn, wọ́n ní kí Memunat gbé ọgọ́fà ife wá. Iṣẹ́ tó lè jí ṣọ́ọ̀bù dìde nìyẹn. Ebi sàárì tí kò jẹ dáadáa ń pa á, orí rẹ̀ fúyẹ́, ìdùnnú sì ti gbé ọkàn rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó na ife sínú àpò ṣúgà, àpò iyọ̀ ló na án sí. Ìgbà mẹ́fà ló bù ú. Akínfẹ́nwá dé, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e mì.

"Ó dára."

Ní ọ̀sán, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tu ú jáde sára aṣọ ayẹyẹ. Òbí kan ya fídíò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fídíò ọmọdébìnrin tó ń nu ahọ́n rẹ̀ mọ́ aṣọ ìyá rẹ̀ ti dé fóònù gbogbo Alakahia, orúkọ ṣọ́ọ̀bù sì hàn gàdàgbà lára ife.

Akínfẹ́nwá wá láìpè. Memunat ti ilẹ̀kùn, ó gbé ife kan síwájú rẹ̀.

"Ṣé o tọ́ eléyìí wò láàárọ̀?"

"Mo tọ́ ọ wò."

"Iyọ̀ ni. Iyọ̀ lásán. O gbé e mì lójú mi, o ní ó dára."

Akínfẹ́nwá ti ife náà sẹ́yìn díẹ̀.

"Wọ́n ní ọmọ ìjọ yín ni èyí tó ń ta pàfé ní ìkóríta. Wọ́n ní torí rẹ̀ lo ṣe jẹ́ kí ọjà mi bàjẹ́. Mo ní wọ́n ń purọ́. Akin, sọ fún mi pé wọ́n ń purọ́."

Ó la ẹnu, ó pa á dé. Memunat dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí òun lè dì mú. Kò rí i. Àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.

"Ẹ máa lọ, Bọ̀dá Akin," ló wí. "Ẹ má tún gba ojú ọ̀nà yìí mọ́."

Odidi ọdún kan kọjá. Memunat ta ẹ̀rọ méjì. Ààwẹ̀ ọdún 2022 dé, kò sẹ́ni tó ń bá a tọ́ nǹkan wò. Ojú ló fi ń wọn ṣúgà, àdúrà ló fi ń tì í lẹ́yìn. Kò sí àárọ̀ kan tí agogo méje lù tí kò bojú wo ẹnu ọ̀nà, á sì bú ara rẹ̀ pé ó wò ó.

Ní ọjọ́ Tuesday kan, obìnrin sísanra kan wọlé, ó gbé ọ̀kan nínú kúlà ṣọ́ọ̀bù Memunat sórí. Tonye ni, òun àti Akínfẹ́nwá jọ ń gbé nínú ọgbà kan náà ní Alesa.

"Na you be Memu? Akin say make I return your cooler. E dey share him load. Friday morning e dey enter Lagos bus, from there na Kuwait. Work."

Memunat sọ kúlà náà kalẹ̀. "Him body dey?"

"Body dey. Na tongue no dey." Tonye jókòó, ó ń fi etí aṣọ fẹ́ ara rẹ̀. "Since that kòrónà catch am, January last year, the man no dey taste anything. I cook pepper soup one day, I forget salt, forget pepper. E drink am finish, come thank me. I tell am say next time na hot water I go give you."

"January last year? Before our fasting?"

"E no tell you? E say if people hear say na kòrónà man dey taste yoghurt for your shop, your market don finish. I say so why you still dey go taste? E just dey look ground."

Nígbà tí Tonye lọ, Memunat jókòó sórí kúlà. Àárọ̀ mẹ́tàlá. Ó ti padánù adùn gbogbo ohun tó ń bẹ láyé, síbẹ̀ ó ń la títì yẹn kọjá wá dijú síwájú rẹ̀, nítorí pé bí kò bá lè tọ́ nǹkan wò mọ́, kí ni yóò sọ pé ó gbé òun wá? Nígbà tí òun sì béèrè ìdí, Akin yàn kí wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀ ju kí ṣọ́ọ̀bù bàjẹ́ pátápátá lọ. Ọwọ́ ta ni iyọ̀ ti wá? Ọwọ́ òun, òun Memunat.

Ó ti gba nọ́ńbà tuntun Akin lọ́wọ́ Tonye kó tó lọ, ó pè é. "Ẹ ǹlẹ́ o," ohùn yẹn wí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò kalẹ̀ fọ́n ká. Ó pa fóònù. Ohun tí ẹnu kọ̀ láti sọ, ó ní ọwọ́ ni yóò sọ ọ́. Ó ya ìwé láàárín ìwé àkọsílẹ̀ ọjà, ó kọ ọ́, ó fà á ya, ó tún un kọ. Ní ìgbà kẹfà ló tó fi í sínú àpòòwé: *Akin, èmi ni mo da iyọ̀ sí i. Èmi náà ni mo lé ọ. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o má lọ, mo kàn ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má lọ láìmọ̀ pé láti ọjọ́ tí jẹnẹ́ kú ni...* Èyí tó kù, tiwọn ni.

Ní Wednesday, ó lọ sí Alesa. Akínfẹ́nwá kò sí nílé, ó lọ parí ìwé ní ibi iṣẹ́. Memunat dúró títí oòrùn fi wọ̀, omi ọ̀rá ló fi ṣínu lẹ́bàá ọ̀nà.

"Give me the letter now," Tonye wí. "I go put am for him hand."

Memunat kọ̀. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ lé ènìyàn kì í rán aṣojú lọ bẹ̀ ẹ́.

Ní Thursday, ó padà lọ. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará ìjọ rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà kan ń gbé apá lé e léjìká. Memunat fara pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi pẹ̀lú híjáàbù lórí, lẹ́tà nínú àyà. Ó dúró síbẹ̀ bí olè. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sì sunkún láti Alesa dé Alakahia, tí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ń wò ó nínú dígí tí kò lè bi í.

Àárọ̀ Friday, òjò bẹ̀rẹ̀. Tonye ti sọ fún un pé agogo méje ni bọ́ọ̀sì Èkó yóò gbéra. Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ti wà nínú kẹ̀kẹ́, agogo mẹ́fà ààbọ̀ sì ká a mọ́ abẹ́ afárá Eliozu. Tírélà kan ti rì sínú kòtò, kò sí ohun tó lè kọjá.

"Madam, patience," ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ wí. "E go clear."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe sùúrù," Memunat dáhùn ní Yorùbá, ó sì bọ́ sínú òjò. Ó sáré kọjá tírélà, omi dé orókùn rẹ̀, bàtà kan lọ sínú ẹrẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ó dá kẹ̀kẹ́ mìíràn dúró ní apá kejì. Nígbà tó dé gáréèjì, bọ́ọ̀sì ti kún, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló dá a dúró: oníwàásù tó máa ń gbàdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò kí mọ́tò tó gbéra ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà. "Madam, your seat number?"

"I no dey travel. I bring something."

"Bring wetin? You dey barefoot."

Ó gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé. Gbogbo ènìyàn ti dijú. Oníwàásù dúró láàárín, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀, ó ní kí kálukú na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, kí ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ó má ṣe ṣíjú o, nítorí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ yóò dé bá a kí ìrìn-àjò yìí tó bẹ̀rẹ̀.

"Àmín," ni gbogbo bọ́ọ̀sì wí.

Memunat ń rìn láàárín ọwọ́ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ àgbà, ọwọ́ ọmọdé, ọwọ́ tó wọ òrùka, ọwọ́ tí epo ẹ̀rọ ti dúdú sí léékánná. Níbi èyí ló dúró. Ìjókòó kẹjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Akínfẹ́nwá tẹ orí ba, ètè rẹ̀ ń mì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo.

"Gbà á," oníwàásù pariwo. "Mo ní gba tìrẹ."

Omi òjò ń kán láti etí híjáàbù rẹ̀ sórí ilẹ̀ bọ́ọ̀sì. Memunat fa àpòòwé yọ láti àyà rẹ̀, etí kan rẹ̀ ti rin, ó sì gbé e lé ọwọ́ Akínfẹ́nwá.